Ṣé a lè fẹsẹ̀ rìn létí òkun fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú gáìdì? Ìdáhùn fún ìyá kan ní Ìbarà

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ìbarà níbí ni mò ń gbé. Àwa obìnrin mẹ́fà la jọ máa ń rìn láàárọ̀ Sátidé, nígbà míì a máa ń gun Olúmọ. Ọmọ mi tó wà ní Cardiff fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, àwọn àgbàlagbà bíi tèmi ń rìn létí òkun ní Wales fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, gáìdì wà níwájú wọn, ọkọ̀ ń bá wọn gbé ẹrù lọ síbi tí wọ́n máa sùn. Ó wù mí gan. Ṣé a lè rí irú ẹ̀ nítòsí wa, àbí ó dìgbà tá a bá gba físà? Ṣé gáìdì pọn dandan? Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ti pé ọdún 67, orúnkún sì máa ń dun èmi náà díẹ̀díẹ̀."

Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá wa. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ó ṣeé ṣe, kò sì ní gba físà kankan. Àgbádárìgì ni kẹ́ ẹ lọ, ọjọ́ mẹ́ta tó yín, kẹ́ ẹ sì mú gáìdì tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, kì í ṣe ẹni tó máa tẹ̀ lé yín láti Abẹ́òkúta tàbí láti Èkó, títí kan èmi alára. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó èèyàn rìn, mo mọ Olúmọ àti àwọn òkè agbègbè wa yìí dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá kó èèyàn dé etí òkun, ẹ̀yìn ni mo máa ń wà, ọmọ Ẹ̀gùn tó ń gbé ibẹ̀ ló máa ń wà níwájú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ti Wales yẹn ṣe rí, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tá a lè mú níbẹ̀ àtohun tá a máa fi sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni Pembrokeshire Coast Path, ọdún 1970 ni wọ́n ṣí i, ó gùn tó máìlì 186. Òun náà ti wà lára Wales Coast Path báyìí, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012, ìyẹn gùn tó máìlì 870, gbogbo etí òkun Wales ló tẹ̀ lé. Orí àpáta gíga ni èèyàn ti ń rìn jù níbẹ̀, òkun á wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀nà ti là sílẹ̀, wọ́n ti fi àmì sára òpó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ilé àlejò ò jìnnà síra wọn, àwọn kan tiẹ̀ wà tíṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa gbé báàgì èèyàn láti ilé kan dé èkejì. Ẹni tó bá lè ka máàpù lè dá rìn. Síbẹ̀ náà, àwọn ibì kan wà, bíi Dale àti Sandy Haven, tó jẹ́ pé ìgbà tómi bá fà nìkan lèèyàn lè fẹsẹ̀ sọdá, tómi bá ti kún, kẹ́ ẹ lọ yípo ọ̀nà jíjìn ni. Ẹni tó bá ti bá ọmọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ á ti kọjá, ẹni tí ò bi ẹnikẹ́ni á jókòó sórí àpò ẹ̀ títí omi á fi fà.

Tiwa ò ní àpáta. Iyanrìn ni, pẹrẹsẹ, igi àgbọn lápá kan, òkun lápá kejì. Kò sí àmì lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń gbé báàgì kiri, ilé àlejò ò sì tò tẹ̀ léra wọn létí omi. Nítorí náà ẹ má gbìyànjú kẹ́ ẹ máa sùn síbi tuntun lálaalẹ́ bíi tàwọn ará Wales, wàhálà lásán ni. Ẹ gba hòtẹ́ẹ̀lì kan tó mọ́ nínú ìlú Àgbádárìgì fún alẹ́ méjì, ẹ já ẹrù yín síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa jáde lọ rìn kẹ́ ẹ sì máa padà wá sùn síbẹ̀. Orúnkún yín náà á gbádùn ẹ̀, torí báàgì kékeré nìkan lẹ máa gbé kọ́ èjìká.

Ọ̀rọ̀ gáìdì wá kàn, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀. Ṣebí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí àlejò bá dé Olúmọ tó ní òun ò fẹ́ gáìdì, pé òkúta ṣáà ni. Á gòkè, á ya fọ́tò, á sọ̀ kalẹ̀. Kò ní mọ ibi táwọn baba wa sá pamọ́ sí lásìkò ogun, kò sì ní mọ ibi tí kò yẹ kó fẹsẹ̀ tẹ̀. Ti etí òkun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òkúta kì í kúrò níbi tó wà, omi ló ń sún kiri. Ibi tẹ́ ẹ rìn lánàá lè ti bọ́ sábẹ́ omi lónìí, pàápàá tí òṣùpá bá kún tàbí tóṣù tuntun bá ń lé, ìgbà yẹn lomi máa ń kún jù, òun náà ló sì máa ń fà sẹ́yìn jù. Lápá tiwa níbí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi kíkún àti omi fífà ò ju nǹkan bíi mítà 1 lọ (ní Bristol Channel, lápá gúúsù Wales, ó lè tó mítà 14), èèyàn á ní mítà kan péré, kí ló máa ṣe. Ohun tó ń ṣe ni pé òun ló máa sọ bóyá ilẹ̀ tútù tó le gbagidi lẹ máa rìn lé lórí àbí iyanrìn gbígbẹ tó ń rì lẹ́sẹ̀. Rírìn nínú iyanrìn gbígbẹ lè gba agbára tó ìlọ́po méjì ti orí títì, ẹni ọdún 67 ò sì ní agbára tó máa fi ṣòfò. Àsìkò tómi ń fà yìí tún máa ń sún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, tó bá fà ní aago 7 àárọ̀ lónìí, lọ́la á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago 8. Ọmọ etí omi mọ gbogbo èyí láìwo fóònù, àná ló wo omi, òní náà ló wò ó, ó ti mọ tọ̀la.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gáìdì gidi lẹ rí, ẹ pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ tó sanwó kankan, kẹ́ ẹ bi í pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ yẹn aago mélòó lomi máa fà. Ẹ bi í pé ta ni baálẹ̀ abúlé tẹ́ ẹ máa gbà kọjá, ṣé ó ti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé ibo ni obìnrin ò gbọdọ̀ dé, torí àwọn Ẹ̀gùn ní Zàǹgbétò tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ojúbọ sì wà láwọn ibì kan tó jẹ́ pé lójú àlejò, igbó lásán ni. Èyí tó bá dá yín lóhùn pé "ẹ má wọ̀ọ́rì mọ́mì, ẹ ṣáà máa bọ̀," ẹ wá ẹlòmíì. Mo mọ̀ nípa àwọn kan tí gáìdì tí wọ́n mú wá láti ìta kó wọ irú ibẹ̀ yẹn, ó ní ibẹ̀ yá ju ọ̀nà tààrà lọ, ni àwọn ọ̀dọ́ abúlé bá dá wọn dúró, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n lò níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ló padà bá wọn parí ẹ̀. Owó tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ san fún ọmọ ìlú, wọ́n san ju bẹ́ẹ̀ lọ níjọ́ náà.

Ohun kejì tí mo fi fẹ́ràn ọmọ ibẹ̀ ni pé òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí àwọn èèyàn, kì í ṣe omi nìkan. Láàárọ̀, ẹ máa bá àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun. Ọkọ̀ kan máa gbé àwọ̀n jáde, wọ́n ti fi orí okùn kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí ilẹ̀, ọkọ̀ náà á wá yí àwọ̀n ọ̀hún po nínú omi, á gbé orí okùn kejì padà sórí ilẹ̀ níbòmíì tó jìnnà díẹ̀. Èèyàn á wá tò sídìí okùn méjèèjì, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n á máa fà. Ẹni tó bá ti dé ìparí ìlà á ju okùn sílẹ̀, á sáré lọ sẹ́nu omi lọ gbá a mú látìbẹ̀rẹ̀, orin ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tí gbogbo wọn máa fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń pẹ́ gan. Bí wọ́n ṣe ń fà á bẹ́ẹ̀ ni ìlà méjèèjì á máa súnmọ́ra, àwọn obìnrin tó jókòó ti bàsíà wọn á dìde, tí àpò àwọ̀n bá wá yọ ẹ máa rí ẹja kéékèèké tó ń dán yanranyanran, akàn á máa sá kiri láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà á sì wà níbẹ̀, ó máa ń dùn mí, àwa tá a wà lókè níbí náà wà lára àwọn tó ń jù ú sómi. Gáìdì tí wọ́n mọ̀ á kí wọn lédè wọn, á sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá gbá okùn mú. Tẹ́ ẹ bá fà á pẹ̀lú wọn dópin, ẹja lè kàn yín níbẹ̀. Àlejò tí ò ní ẹni tó mú un wá, fóònù ló máa nà sí wọn lójú, wọ́n á bínú, ó sì tọ́ kí wọ́n bínú, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Abẹ́òkúta lọ, ìrìn yìí tún ní ìtumọ̀ míì fún yín. Láti nǹkan bí ọdún 1839 làwọn Sàró ti ń padà wálé, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun tó sì já wọn sí Sierra Leone. Àgbádárìgì ni púpọ̀ nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ sí kí wọ́n tó forí lé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà yẹn náà ni míṣánnárì Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Henry Townsend gbà tó fi wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843, tí Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí Ẹ̀gbá nígbà yẹn gbà á lálejò. Àjàyí Crowther dé Àgbádárìgì lọ́dún 1845, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ọ̀nà ò sì rọgbọ, ó lé lọ́dún kan tó fi dúró níbẹ̀, ọdún 1846 ló tó wọlé síbí, ìlú wa níbí ló sì ti rí ìyá ẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tógun ti yà wọ́n. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣánnárì parí lọ́dún 1845, ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá dúró síwájú ẹ̀, ẹ rántí pé ẹnìkan wà nílùú yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ ilé tuntun, tó ń dúró kí ọ̀nà Abẹ́òkúta ṣí.

Torí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́, inú ìlú ni kẹ́ ẹ ti rìn, ẹ má tíì lọ sétí òkun rárá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ọjà ẹrú Vlekete, ilé ìdílé Mobee tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ̀nì àti àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń de ẹrú han èèyàn, àti àgbàlá Seriki Abass tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, yàrá ibẹ̀ kéré débi pé ẹ̀yin mẹ́fà máa fún mọ́ra tẹ́ ẹ bá wọ ọ̀kan. Ọmọ Jógà-Orílé nílẹ̀ Yewa ni Seriki Abass yìí, ìpínlẹ̀ wa níbí, wọ́n kó òun fúnra ẹ̀ lẹ́rú dé Brazil, ó padà, òun náà sì wá di ẹni tó ń ta èèyàn. Ẹ jẹ́ kí gáìdì rọra sọ ìtàn yẹn, ẹ má kánjú jáde.

Ọjọ́ kejì lẹ máa wá sọdá ọ̀sà pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùsù Gberefu. Láti ibi tí ọkọ̀ bá já yín sí, ọ̀nà iyanrìn ló lọ tààrà sétí òkun, ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà nìyẹn, ẹ máa kọjá lẹ́bàá kànga tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún wọn lómi mu níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ó tó bí ààbọ̀ wákàtí tẹ́ ẹ bá rọra rìn, kò jìnnà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àgbàlagbà tó rìn ín tí ò dákẹ́ kó tó dé ìparí. Ìparí ẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, òpó ìrántí wà níbẹ̀ tó kọjú sómi.

Láti ibẹ̀ ni ìrìn etí òkun gangan ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn láàárọ̀, òkun á wà lọ́wọ́ òsì yín, oòrùn á wà lẹ́yìn yín, kò ní máa gún yín lójú. Kìlómítà mẹ́rin, ó pọ̀ jù márùn-ún, ẹ dúró. Ẹ wọ abẹ́ àgbọn, ẹ jẹun, ẹ mu omi àgbọn, ẹ sùn tó bá wù yín, kí oòrùn ọ̀sán kọjá, tó bá di bí aago mẹ́ta ààbọ̀ kẹ́ ẹ wá padà, oòrùn á tún wà lẹ́yìn yín. Ohun míì tún wà níbẹ̀ tí orúnkún yín máa dúpẹ́ fún. Etí òkun wa dà gẹ̀rẹ́ sápá omi, tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹsẹ̀ òsì ló máa wà nísàlẹ̀, ìbàdí àti orúnkún kan náà lá máa jìyà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ó bọ́ sí ti ọ̀tún. Àwọn tó bá rìn jìnnà lápá kan ṣoṣo tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ padà, àwọn ló máa ń pè mí lọ́jọ́ kejì pé ìbàdí ń ro àwọn.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ òkun. Mi ò fi ìyẹn ṣeré rárá. Ìgbì ibẹ̀ máa ń fọ́ lẹ́bàá ilẹ̀ gan, tó bá sì ń padà ó máa ń fa ẹsẹ̀ èèyàn, omi míì sì wà tó máa ń fa èèyàn tààrà lọ sáàárín, ẹni tó mọ̀wẹ̀ ní odò Ògùn ò lè fi ìyẹn lérí níbẹ̀. Kí omi kan kókósẹ̀ yín, ó tó.

Ọjọ́ kẹta, ẹ rìn wákàtí kan sí méjì lẹ́bàá ọ̀sà láàárọ̀, ẹ ra àgbọn àti òróró àgbọn, ẹ máa bọ̀ nílé kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó dé.

Àsìkò tó dáa jù ni ìparí oṣù kọkànlá, tàbí láti àárín oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Ìgbà yẹn òjò ti lọ, òkun náà máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ìgbì máa ń le gan. Ọ̀sẹ̀ Kérésì sí ọdún tuntun, ẹ má lọ, èrò á pọ̀, owó gbogbo nǹkan á ti lọ sókè, gáìdì tó dáa ò sì ní ráyè fún yín.

Tó bá jẹ́ ti ọkọ̀, ẹ̀yin mẹ́fà lè háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan kẹ́ ẹ gba Ṣàngó Ọ̀tà, Àtàn, Lùsádà, kẹ́ ẹ já sí Àgbárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìrìnàjò fúnra ẹ̀ jẹ́ ìgbádùn, ẹ wọ rélùwéè ní Láderin dé Ẹ̀búté Mẹ́ta, ẹ gba ọkọ̀ dé National Theatre, ẹ wọ réèlì Blue Line dé Mile 2, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì níbẹ̀. Ó gùn, ṣùgbọ́n kì í súni. Kí oníkálukú mú káàdì ìdánimọ̀ dání, torí ọ̀nà bọ́dà ni, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n pọ̀ lójú ọ̀nà.

Owó wá ńkọ́? Ẹ má nájà lórí owó gáìdì. Ẹ nájà lórí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ nájà lórí bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ti gáìdì, ẹ bi í pé èló lóòjọ́ fún gbogbo yín, ṣé owó ọkọ̀ ojú omi àtohun tẹ́ ẹ máa fún àwọn abúlé wà nínú ẹ̀, ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, ẹ san ìyókù tẹ́ ẹ bá parí. Ẹni tó bá rí owó gidi nídìí fífi etí òkun han àlejò á tọ́jú etí òkun náà, kò ní sí lára àwọn tó ń wa yanrìn ibẹ̀ tà.

Orúnkún yín ò dá mi dúró láti ní kẹ́ ẹ lọ. Olúmọ tẹ́ ẹ̀ ń gùn dáa fún èémí, kò kọ́ ẹsẹ̀ ní iyanrìn. Ẹ wá àdúgbò tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, tó ní yanrìn, kẹ́ ẹ máa rìn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún bí oṣù kan kẹ́ ẹ tó lọ, bàtà tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ náà ni kẹ́ ẹ fi máa rìn. Bàtà oníbẹ́líìtì tó mú ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló dáa jù, yanrìn á máa wọlé á máa jáde. Ẹ mú àkísà kékeré dání láti fi nu ẹsẹ̀, yanrìn tútù láàárín ọmọ ìka ló ń bó èèyàn lẹ́sẹ̀. Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹni tó bá ń lò ó, fìlà tó fẹ̀. Ọ̀pá ìrìn fún ẹni ọdún 67 yẹn, kó má tijú.

Tí èyí bá dùn mọ́ yín, ọdún tó ń bọ̀ ẹ lè sọdá. Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin ní ọ̀nà ẹrú tirẹ̀, ó tó bíi kìlómítà mẹ́rin láti inú ìlú dé etí òkun, àwa ọmọ ECOWAS kì í gba físà níbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ìbà pọ́njú lẹ máa mú dání. Gáìdì yín ní Àgbádárìgì lè ní ará lọ́nà Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, èdè wọn súnmọ́ra, ẹ ní kó bá yín wá ẹni tó dáa níbẹ̀ dípò kẹ́ ẹ lọ máa wá a ní bọ́dà.

Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ kejì yẹn, kẹ́ ẹ tó kúrò ní ẹ̀bá ọ̀sà láàárọ̀, kí gáìdì bá ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣàdéhùn àbọ̀ lójú yín, kó má kọjá aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kí láífù jákẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ sì pé méje, torí gáìdì náà gbọ́dọ̀ wọ tiẹ̀.